Odò Kò Mọ Ààlà: Lámèyítọ́ Ìpè fún Ìpadàbọ̀ Ìjọba Ẹkùn àti Ohùn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kékeré tí Ó Ń Jà fún Àyíká

Ìfáàrà

Òwe kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń pè fún ìpadàbọ̀ ìjọba ẹkùn ní ilẹ̀ Yorùbá: odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí ní ìpàdé, kò sí ẹni tí yóò rò pé odò ni wọ́n ń sọ. Àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìṣọ̀kan ọmọ Odùduwà ni wọ́n ń sọ, ayé ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 ni wọ́n ń sọ. Odò náà, àfiwé lásán ni. Iṣẹ́ yìí fẹ́ yọ odò kúrò nínú àfiwé. Ìbéèrè wa ni pé: odò gan-an ńkọ́, èyí tí ó ní omi nínú, tí ó ń ṣàn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ gómìnà kankan?

A ó yẹ ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lórí ìjọba ẹkùn àti àjọṣe kọjá ààlà wò bí onílámèyítọ́ ṣe ń yẹ ewì tàbí ìtàn àròsọ wò: kí ni ó sọ, kí ni ó dákẹ́ lé, ta ni ó fún ní ohùn? Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ lórí àwọn ohun tí ó ń kọjá ààlà ní tòótọ́, ìyẹn omi, afẹ́fẹ́ àti igbó. Àti pé ìdákẹ́ yìí kò ṣàdédé wáyé, nítorí òfin wa kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré tí ì bá máa gbẹnu sọ fún wọn. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àbá lásán, a ó rìn jìnnà díẹ̀, dé Àríwá Ireland, níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà, tí ìjọba ẹkùn sì ti dá dúró, tí ó tún padà bọ̀ sípò ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún 2002 sí 2024. Ẹgbẹ́ kékeré náà kò borí níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe kí ó tó pàdánù, àti ohun tí ó mú kí ó pàdánù, ni ó ní ẹ̀kọ́ nínú fún wa.

Kí ni ó ń padà bọ̀ gan-an?

Ìjọba ẹkùn tí à ń dárò kò pẹ́ láyé. Ní ọdún 1952 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di aṣáájú ètò ìjọba ní Ìbàdàn, ó di Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959. Wọ́n yọ ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára rẹ̀ ní 1963. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 1967, wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn náà di mẹ́ta ní 1976. A dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Èkìtì sì tẹ̀lé e ní 1996. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a fa ìlà tuntun, ayọ̀ ni a fi gbà á; ó sì yẹ kí ayọ̀ wà, nítorí ìjọba súnmọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n ìlà tí a fà sórí ilẹ̀, a fà á sórí omi pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó bi omi léèrè.

Ohun tí ó ti wáyé láti ìgbà náà jẹ́ òjìji ìjọba ẹkùn. Ní ọdún 2013 ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá àjọ DAWN sílẹ̀ láti máa gbèrò ìdàgbàsókè ẹkùn pọ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ilé Kòkó ní Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn. Ní 2025 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó dá Àjọ Ìdàgbàsókè Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ wọ́n di ohun tí wọn kò jẹ́. Àjọ DAWN kò lágbára láti ṣe òfin. Ìmọ̀ràn ni ó lè gbà wọ́n. Àmọ̀tẹ́kùn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó fi òfin tirẹ̀ gbé e kalẹ̀, orúkọ àti aṣọ ni wọ́n jọ ń lò. Àjọ ti ọdún 2025, ọmọ ìjọba àpapọ̀ ni. Àbújá ni ó bí i. Ẹni tí ó bá sọ pé ìjọba ẹkùn ti padà dé nípasẹ̀ wọn ti sáré ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dí wa lọ́wọ́

Kí a tó dé etí odò, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ kan, nítorí olùkọ́ èdè ni ọ̀pọ̀ àwa tí yóò ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni àyíká. Ní ìpìlẹ̀, àyíká ni gbogbo ohun tí ó yí ènìyàn ká. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lé àyíká lórí, ohun tí a ó rí kà ni gọ́tà, ìgbálẹ̀, pàǹtírí àti ẹ̀fọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Láti ayé àwọn wolé-wolé, tí wọ́n máa ń yẹ ìkòkò omi wò láti mọ̀ bí tanwíjí bá wà nínú rẹ̀, títí dé ìgbà ìjọba ológun ọdún 1984 tí wọ́n gbógun ti ìwà àìlétò, tí Sátidé ìgbálẹ̀ sì di òfin, ìmọ́tótó ni ìjọba fi àyíká pè sí wa létí. Ìmọ́tótó dára. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti sún kì, ó ti di ohun tí ó parí sí ẹnu-ọ̀nà ilé wa. Bí ẹnìkan bá dìde lónìí tí ó ní òun dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ nítorí àyíká, ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó ìdọ̀tí ni.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà pàdánù nígbà tí ó sún kì ni ìjìnnà. Wolé-wolé kò lè bá ọ wí nítorí ohun tí ẹni tí ó ń gbé ní ọgọ́rùn-ún máìlì sí ọ ṣe sí omi rẹ. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí omi

Ẹ jẹ́ kí a mú odò Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ni a mọ̀ sí orísun rẹ̀. Láti Èkìtì ni ó ti ń wọ ìpínlẹ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, níbi tí igbó mímọ́ rẹ̀ wà, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ó tún ń lọ. Ní Asẹ́jìrẹ́, a sé e kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Lẹ́yìn náà ó gba ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà tí ó wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ni ó pín nínú omi kan. Kò sí àjọ, kò sí aṣọ Àmọ̀tẹ́kùn, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó so wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, omi náà yí padà. Ó di pupa rúsúrúsú bí omi amọ̀, àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sì tọ́ka sí àwọn awakùsà tí ń wa góòlù ní apá òkè odò. Ní ọdún 2022, a kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn tí ó wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Kí olùkàwé ronú sí i: omi tí oríkì òrìṣà náà ń kì gẹ́gẹ́ bí omi ìwòsàn, omi tí àwọn aboyún àti àwọn tí ń wá ọmọ ti ń bù mu láti ayébáyé, ni a ní kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu. Nínú gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àṣà Yorùbá láti ìgbà tí a ti ń pariwo ìpadàbọ̀ sí orísun, a kò rí èyí tí ó tó èyí.

Ta ni ó ni ọ̀ràn náà? Àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni lábẹ́ ìwé òfin. Gómìnà kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti wà á, kò sì lè gba ìwé náà padà. Omi tí ó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, ìjọba àpapọ̀ náà ni òfin fún ní agbára lé e lórí. Láti ọdún 1976 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ti wà, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n wo ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀: ìpínlẹ̀ Èkìtì kò sí lábẹ́ àjọ yìí. Abẹ́ àjọ ti odò Benin àti Ọ̀wẹnà ni wọ́n pín in sí. Orísun Ọ̀ṣun wà lọ́dọ̀ àjọ kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ mìíràn. Òwe wa ti ṣẹ mọ́ wa lára: odò náà kò gbàgbé orísun rẹ̀, àwọn tí ó fa ìlà ni ó gbà á gbé.

Bí ààlà láàárín ìpínlẹ̀ bá le tó báyìí, ti orílẹ̀-èdè méjì ńkọ́? Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sí òdìkejì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọ̀sà Pọ́ọ̀tọ̀-Nóófò àti omi Àgbádárìgì sì so pọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìrẹsì àti mọ́tò ni ó dá dúró. Omi kò dúró, ohunkóhun tí ó sì wà nínú omi kò dúró. Àjọ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, ní ètò púpọ̀ lórí ọjà àti ìrìnnà, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n nítorí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ohun tí ọjà bá kó kọjá ni àjọṣe wa máa ń rí.

Ẹgbẹ́ tí òfin kò jẹ́ kí a bí

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí àwọn tí ọ̀rọ̀ odò dùn kò dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, abala 222 àti 223. Olú ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ tí kò dín ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ wá. Orúkọ àti àmì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi hàn pé apá kan ilẹ̀ yìí nìkan ni ó wà fún. Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yé wa. Àwọn tí ó rántí ìjà òṣèlú ọdún 1962 sí 1966 kò ní fẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà padà wá. Ṣùgbọ́n òfin tí ó dènà ẹgbẹ́ ẹ̀yà ti dènà ẹgbẹ́ odò mọ́ ọn. Àwọn tí ń gbé létí Ọ̀ṣun láti Ìgèdè dé ọ̀sà kò lè para pọ̀ ní ìpínlẹ̀ márùn-ún kí wọ́n sì gbé olùdíje kalẹ̀ lórúkọ omi tí wọ́n jọ ń mu, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ wá ará Bọ̀rnó àti ará Sókótó mọ́ra.

Ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Green Party of Nigeria ti wà rí nínú ìwé Àjọ Elétò Ìdìbò. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àjọ náà fagi lé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ 74 nínú 92, pé wọn kò rí ìbò tàbí ipò tó bí abala 225A ṣe béèrè. Ẹgbẹ́ yìí wà lára wọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ọwọ́ sí agbára tí àjọ náà lò ní ọdún 2021. A kò ní í díbọ́n pé ẹgbẹ́ náà lókìkí, tàbí pé ó ti jà fún odò kankan tí a lè tọ́ka sí. Orúkọ rẹ̀ ni ó jẹ́ tewé-tewé. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n: iye ìbò nìkan. Òfin náà kò béèrè bóyá ohun tí ẹgbẹ́ kan ń sọ ni kò sí ẹlòmíràn tí ó ń sọ ọ́.

Ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà kò tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ní 1990 ni àwọn ará Ògóni gbé ìwé ẹ̀tọ́ wọn jáde, tí wọ́n sì da ìbéèrè fún ìṣàkóso ara-ẹni pọ̀ mọ́ ìdáàbòbò ilẹ̀ àti omi wọn kúrò lọ́wọ́ ìbàjẹ́ epo rọ̀bì. Ní ìmọ̀ tiwa, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ yìí pé ọ̀rọ̀ ẹkùn àti ọ̀rọ̀ àyíká jẹ́ gbólóhùn kan náà. Ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1995. Nígbà tí àjọ UNEP gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2011, ó ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30. Àwọn tí ń pe ìpè ìjọba ẹkùn ní ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà dárúkọ Ògóni. Ó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀.

Níbi tí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà

Ìdí nìyí tí a fi gbójú sókè wo Àríwá Ireland. Erékùsù kan ni Ireland, ìjọba méjì ni ó wà lórí rẹ̀: gúúsù jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira, àríwá wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àríwá, àwọn kan fẹ́ dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan fẹ́ dara pọ̀ mọ́ gúúsù, ẹ̀mí tí ó bá ìjà yìí lọ sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àdéhùn ọdún 1998 gbé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kalẹ̀ ní Belfast, ó sì dá ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà àríwá àti gúúsù sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ kọjá ààlà. Àyíká wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Green Party, kéré púpọ̀. Ní 2006 ó pinnu láti di ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé ti gúúsù, tí ó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ni ó wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Nígbà tí ìjọba ẹkùn padà bọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ọmọ ilé kan ṣoṣo ni ó ní nínú 108, ìyẹn Brian Wilson láti North Down. Nígbà tí ó tún padà bọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ilé náà fi wà ní títì, méjì ni wọ́n nínú 90. Nígbà tí ó padà bọ̀ nígbà kẹta, ní oṣù kejì ọdún 2024, kò sí ẹyọ kan.

Bí ẹgbẹ́ yìí ṣe gba ìjọba tí ó padà bọ̀ ni ó fà wá mọ́ra. Wọ́n fọwọ́ sí ìpadàbọ̀ náà, wọn kò sì jókòó sí ìhà kankan nínú ìjà àtijọ́: nínú ìwé ilé aṣòfin, lábẹ́ ‘àwọn yòókù’ ni wọ́n kọ orúkọ sí. Ó ná wọn ní nǹkan. Lórí ọ̀rọ̀ tí ó bá gba ìfọwọ́sí ìhà méjèèjì, ìbò ‘àwọn yòókù’ kì í lágbára tó ti àwọn tí ó ti yan ìhà. Ẹni tí kò bá ṣe ọmọ agboolé kan, ohùn rẹ̀ kì í wọlé bí ti àwọn onílé. Ṣùgbọ́n ipò náà ni ó jẹ́ kí wọ́n lè wo ààlà bí omi ti ń wò ó. Nígbà tí wọ́n fúnni ní ìwé àṣẹ ní 2011 láti wá gáàsì inú àpáta ní Fermanagh, tí àpáta kan náà nà dé Leitrim ní gúúsù, Steven Agnew, tí ó jẹ́ ọmọ ilé kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ní nígbà náà, wà lára àwọn tí ó dìde sí i. Kò béèrè lábẹ́ àsíá ta ni gáàsì náà wà. Ohun tí ó béèrè ni ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ yóò gbà. Ní 2014, mínísítà àyíká, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, kọ̀ kí wọ́n gbẹ́ kànga ìdánwò. Ní 2017, gúúsù ṣe òfin tí ó ka irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Agnew yìí kan náà ni ó gbé òfin kan kalẹ̀ ní 2015 tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ẹ̀ka ìjọba tí iṣẹ́ ọmọdé kàn máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹnìkan nínú 108! Òfin náà kò dá lé àyíká, ṣùgbọ́n a rí ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ nínú rẹ̀: ohun tí ó ká a lára ni àlàfo tí ó wà láàárín ọ́fíìsì kan àti èkejì, níbi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí. Ẹni tí ó bá ti gbé ìwé láti ilé-iṣẹ́ ìjọba kan dé òmíràn ní Nàìjíríà mọ àlàfo náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé wọn gẹ̀gẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Jíjẹ́ ẹgbẹ́ kan ní ìhà méjèèjì ààlà fún wọn lágbára, ó sì dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí ẹgbẹ́ ti gúúsù fẹ́ wọ ìjọba àjùmọ̀ṣe, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àríwá ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lé e, èyí tí ó bí àwọn kan nínú pé ará orílẹ̀-èdè mìíràn ń yan ìjọba fún wọn. Clare Bailey, tí ó jẹ́ aṣáájú ní àríwá, lòdì sí àdéhùn náà; ẹgbẹ́ gbà á síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàn bí odò kọjá ààlà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ odò lè má fẹ́ ohun tí orísun fẹ́.

Adágún Neagh ni ó fi ìyókù hàn. Òun ni adágún tí ó tóbi jù ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 omi mímu Àríwá Ireland ni ó sì ń ti inú rẹ̀ wá. Odò kan tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, Blackwater, gba orí ààlà àríwá àti gúúsù kọjá. Ilẹ̀ abẹ́ omi rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìní ìdílé ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, ohun aláwọ̀ ewé kan tí ó ní oró hù bo ojú omi náà. Ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ń ṣàn láti oko, omi ẹ̀gbin láti ilé, àti ooru, ni ó mú un hù. Ní àkókò yẹn gan-an kò sí ìjọba ẹkùn, nítorí pé ẹgbẹ́ ńlá kan ti fà sẹ́yìn láti oṣù kejì ọdún 2022. Kò sì sí ọmọ Ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé nínú ilé aṣòfin, nítorí pé nínú ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni àwọn méjèèjì pàdánù ipò wọn. Àdéhùn tí ó dá ìjọba padà ní 2020 ti ṣèlérí àjọ olómìnira tí yóò máa dáàbò bo àyíká, ohun tí ẹgbẹ́ náà ti ń béèrè fún lọ́jọ́ pípẹ́. Títí tí omi náà fi yí padà, àjọ náà kò tíì wáyé.

Ibi tí a dúró sí

Àwọn kan yóò sọ pé èyí fi hàn pé ẹgbẹ́ kékeré kò wúlò. A kò fara mọ́ ọn. Àwọn olùdìbò tí ó fi Ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé sílẹ̀ ní 2022, púpọ̀ nínú wọn lọ bá ẹgbẹ́ Alliance, tí òun náà kò sí ní ìhà kankan. Ọmọ ilé rẹ̀ kúrò ní 8, ó di 17. Ẹni tí ó di mínísítà àyíká ní 2024, Andrew Muir, ọmọ Alliance láti North Down ni, agbègbè ìdìbò kan náà tí Wilson ti wọlé ní 2007. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba gbé ètò ìgbésẹ̀ 37 kalẹ̀ fún adágún náà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ti wọ ẹnu ẹgbẹ́ ńlá. Bí ó ti sábà máa ń rí nìyẹn: ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó máa ń jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá ni pé ẹgbẹ́ ńlá ní ohun púpọ̀ láti ṣọ́. Bí àgbẹ̀ àti odò bá forí gbárí lọ́jọ́ ìṣúná, kò sí ẹni tí ó wà nínú ilé náà nítorí odò nìkan.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti àwa ni èyí: wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pàdánù, àwa kò ní rí. Ètò ìdìbò wọn, tí olùdìbò ti ń to àwọn olùdíje sípò kìíní, kejì, ẹ̀kẹta, tí agbègbè kan sì ń yan ènìyàn márùn-ún, fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹni kékeré. Tiwa, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń wọlé ní agbègbè kan, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló sì ń kó o lọ. Nítorí náà, bí ìjọba ẹkùn bá tilẹ̀ padà wá lọ́la, pẹ̀lú gbogbo ayẹyẹ àti aṣọ ẹbí, tí a kò bá fọwọ́ kan abala 222 àti 223 àti ètò ìdìbò, àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lónìí ni yóò kó lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀ṣun yóò máa ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé wọn bí ó ti ń ṣàn báyìí. Àríwísí wa sí àwọn tí ń pe ìpè ẹkùn kò lòdì sí ìpè náà. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n ń béèrè fún agbára láti ṣàkóso ilẹ̀ láìtíì sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí omi, pàápàá omi tí orísun rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò wọn.

Níbi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ ju bí ààyè tí a ní lọ. A ó mú ẹyọ kan. Èdè Yorùbá kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbà fún gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ń lo ‘agbada odò’, tí ó jẹ́ ìtumọ̀ tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń mú ọmọ rántí àkàrà. A dábàá ‘ilẹ̀-ìṣàn’. Ìṣàn Ọ̀ṣun, ìṣàn Ògùn, ìṣàn Ọ̀ni: ọmọ ilé-ìwé lè béèrè pé, ‘inú ìṣàn wo ni ilé wa wà?’, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè béèrè pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ni ilé wa wà. Ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè mú àwòrán ilẹ̀ wọ kíláàsì, kí ó ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù aláwọ̀ búlúù tọ odò Ọ̀ṣun láti Ìgèdè dé Lẹ́kí, kí wọ́n tó fi pupa fa ààlà ìpínlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà ni wọn yóò kà sí ara ilẹ̀. Èkejì ni wọn yóò rí bí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ rẹ̀ fà.